Ìlerò àti Ilẹ̀ Ẹlẹ́ṣin: Ọ̀rọ̀ fún Ẹni tí Kò Gun Ẹṣin Rí

Nígbà tí ìsinmi ọdún bá súnmọ́ tòsí, tí ilé-ìwé bá ti ilẹ̀kùn, tí iṣẹ́ sì dẹwọ́ díẹ̀, ìbéèrè kan náà ni ó máa ń wà lẹ́nu bàbá àti ìyá: níbo ni a ó mú àwọn ọmọ lọ, kí ojú wọn lè rí ohun tí wọn kò rí rí? Òmíràn a lọ sí etíkun Èkó, òmíràn a lọ kí ìyá àgbà ní abúlé. Lónìí a fẹ́ sọ̀rọ̀ nípa ìrìn-àjò kan tí àwọn baba ńlá wa mọ̀ dáradára, ṣùgbọ́n tí ọ̀pọ̀ nínú àwa ọmọ wọn ti gbàgbé, èyí ni ìrìn-àjò lórí ẹṣin ní ilẹ̀ pápá Òkè-Ògùn, ní agbègbè Ìlerò àti àwọn ìlú tí ó yí i ká. Ẹni tí kò gun ẹṣin rí ni a ń bá wí ní pàtàkì.

Ìlerò wà ní ìjọba ìbílẹ̀ Kájọlà ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, kò sì jìnnà sí Òkèhò tí í ṣe olú-ìlú ìjọba ìbílẹ̀ náà. Ẹni tí ó bá ti Ìbàdàn wá lè gba Mọ́níyà dé Ìsẹ́yìn, ìlú àwọn ahunṣọ, kí ó tó kọjú sí ọ̀nà Òkèhò. Bí ó bá ti ń lọ ni yóò máa rí i pé igbó ń fà sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀, tí ojú ọ̀run sì ń gbòòrò sí i. Ilẹ̀ ibẹ̀ ń gòkè, ó sì ń sọ̀kalẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Àpáta ńláńlá dìde níhìn-ín àti lọ́hùn-ún. Igi ẹmì, igi igbá àti igi oṣè dúró lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, koríko sì bo ilẹ̀ tí ó wà láàrin wọn. Nígbà òjò koríko náà a ga ju orí ènìyàn lọ. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn a gbẹ, a sì jó, ojú a wá rí ọ̀nà jíjìn. Irú ilẹ̀ báyìí ni ilẹ̀ ẹṣin.

Kì í ṣe àsọdùn bí a bá wí bẹ́ẹ̀. Lórí ẹṣin ni agbára Ọ̀yọ́-Ilé dúró sí. Ní ọ̀rúndún kẹrìndínlógún, nígbà tí àwọn Aláàfin fi Ìgbòho ṣe ibùjókòó, ni òkìkí Aláàfin Ọ̀rọ̀ǹpọ̀tọ̀ kàn. Nínú ìtàn Yorùbá tí Àlùfáà Samuel Johnson kọ, tí a tẹ̀ jáde ní 1921, a kà á pé ọba yìí ní ẹgbẹ̀rún ẹlẹ́ṣin tí ń ṣọ́ ẹ̀yìn ogun rẹ̀, àti pé ewé gbàgì ni a so mọ́ ìrù àwọn ẹṣin náà, kí ó lè máa gbá ipasẹ̀ wọn rẹ́. Igbó Ọba, níbi tí a sin Aláàfin mẹ́rin sí, ń bẹ ní Ìgbòho títí di òní. Ní 1726 ẹ̀wẹ̀, àwọn ẹlẹ́ṣin Ọ̀yọ́ sọ̀ kalẹ̀ lọ bá Dahomey jà. Ìbọn wà lọ́wọ́ àwọn ará Dahomey, síbẹ̀ wọn kò lè dúró níwájú ẹṣin ní gbangba pápá.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a kíyè sí ohun kan. Àwọn ẹlẹ́ṣin tí wọ́n borí Dahomey wọ̀nyí kì í lè dúró síbẹ̀ nígbà òjò, nítorí wọn kì í rí oúnjẹ tí ó tó fún ẹṣin wọn; bí òjò bá ti ń bọ̀, wọn a yí padà sílé. Ní nǹkan bí 1840 pẹ̀lú, ní Òṣogbo, àwọn ẹlẹ́ṣin Ìlọrin tí gbogbo ènìyàn ń bẹ̀rù fìdí rẹmi lọ́wọ́ àwọn ará Ìbàdàn. Ọba ni ẹṣin ní pápá; ẹrù ni ó dà nínú igbó.

Ìdí kan tí ó jinlẹ̀ jù ni ti eṣinṣin kan tí àwọn onímọ̀ ń pè ní tsetse. Eṣinṣin yìí a máa gbé ní ibi òjìji, pàápàá nínú igbó tí ó wà létí odò, ọ̀sán gangan ni ó sì máa ń jẹ. Ní 1895, ní ilẹ̀ Zulu ní gúúsù Áfríkà, oníṣègùn kan tí ń jẹ́ David Bruce fi hàn pé eṣinṣin náà ni ó ń gbé kòkòrò kékeré kan wọ inú ẹ̀jẹ̀ ẹran. Ẹṣin tí ó bá ní àrùn náà a gbẹ, ibà a máa mú un lámútúnmú, ẹsẹ̀ àti abẹ́ ikùn rẹ̀ a wú, bí a kò bá sì tọ́jú rẹ̀, a kú. Nítorí èyí ni ẹṣin kò fi lè bí sí i púpọ̀ ní ilẹ̀ wa, tí ó fi jẹ́ pé láti Òkè Ọya ni a ti ń rà á. Owó rẹ̀ kò sì kéré: ní ayé òwò ẹrú, ènìyàn ẹlẹ́ran ara ni a fi ń pààrọ̀ rẹ̀ nígbà púpọ̀. Ẹni tí ó bá ń fi inú dídùn rántí ògo àwọn ẹlẹ́ṣin àtijọ́, kò yẹ kí ó gbàgbé ohun tí a san.

Ohun tí ó wọ́n tó bẹ́ẹ̀, tí ó sì rọrùn láti pàdánù tó bẹ́ẹ̀, a kì í fi í lé ọwọ́ ẹni tí kò mọ̀ ọ́n tọ́jú. Ní ààfin Ọ̀yọ́, oyè ni iṣẹ́ náà jẹ́: Olókùn-Ẹṣin ni a ń pe ẹni tí ẹṣin ọba wà ní ìkáwọ́ rẹ̀, ó sì wà lára àwọn tí àṣà àtijọ́ fi dandan mú pé kí wọ́n bá ọba kú. Àṣà náà ti kọjá lọ, ṣùgbọ́n orúkọ oyè náà kọ́ wa ní ẹ̀kọ́ kan, òun náà sì ni a fẹ́ kí ẹni tí kò gun ẹṣin rí fi sọ́kàn: ẹni tí ó jókòó sórí gàárì kọ́ ni àgbà ìrìn-àjò náà. Ẹni tí ń fi ẹsẹ̀ rìn, tí ó di okùn mú, òun ni àgbà.

Àwọn àlejò tí wọ́n la ilẹ̀ yìí kọjá láyé àtijọ́ mọ èyí. Ní Oṣù Kejìlá ọdún 1825, ọ̀gágun ojú omi kan láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Hugh Clapperton, pẹ̀lú ìránṣẹ́ rẹ̀ Richard Lander, gbéra ní Àgbádárìgì láti lọ sí ọ̀dọ̀ Aláàfin. Méjì nínú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kú sí ọ̀nà. Òun pàápàá ṣàìsàn tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi jẹ́ pé nígbà mìíràn a gbé e nínú hámọ́ọ̀kì. Wọ́n gba Ṣakí kọjá. Aláàfin rán àwọn ẹlẹ́ṣin àti àwọn tafàtafà lọ pàdé rẹ̀, wọ́n sì mú un dé Ọ̀yọ́-Ilé ní Oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1826. Ọkùnrin tí ó ti rin òkun àti aṣálẹ̀ ni, ṣùgbọ́n ní Òkè-Ògùn ẹ̀yìn amọ̀nà ni ó ń tọ̀.

Ní báyìí, níbo ni ẹṣin wà lónìí? Ọ̀kadà ni ó ti gba ipò rẹ̀ ní Òkè-Ògùn. Ẹni tí ó bá dé Ìlerò kò gbọdọ̀ retí pé òun yóò bá ẹṣin tí a so mọ́ ẹnu ọ̀nà gbogbo ilé. Ẹṣin pọ̀ ní Ìlọrin, níbi tí àwọn ẹlẹ́ṣin ti máa ń yí Ẹ́míà ká nígbà ọdún. Ní Ìjẹ̀bú-Òde àwọn ìdílé Balógun a gun ẹṣin wá sí Ojúde Ọba ní ọjọ́ kẹta Iléyá. Ní Nikki, ní ilẹ̀ Benin, àwọn Ìbàrìbá a kó ẹṣin jọ fún ọdún Gaani. Ní etíkun Èkó pẹ̀lú, àwọn ọmọkùnrin a máa fa ẹṣin fún àlejò lórí iyanrìn fún ìṣẹ́jú díẹ̀ kí wọ́n tó gba owó. Nítorí náà, ẹni tí ó bá fẹ́ fi ẹṣin rin ilẹ̀ Ìlerò ní láti ṣètò rẹ̀ ṣáájú: kí ó bá ẹni tí ó ní ẹṣin ṣe àdéhùn, kí olùtọ́jú ẹṣin bá ẹṣin wá, kí ó sì wá ọmọ ìlú tí ó mọ ọ̀nà oko. Kí ó kí ọba ìlú àti àwọn ìjòyè. Kí ó béèrè lọ́wọ́ àwọn ọlọ́pàá àti àwọn ọdẹ ìlú bí ọ̀nà ti rí, nítorí láti ọdún díẹ̀ wá àwọn agbébọn ti sọ igbó mìíràn di ibi ewu. Bí wọ́n bá ní kí ẹ má lọ, ẹ má lọ.

Àkókò tí ó dára jù ni ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, láti Oṣù Kọkànlá títí dé Oṣù Kẹta, nígbà tí ilẹ̀ le, tí koríko kò bo ojú ọ̀nà, tí eṣinṣin náà sì fà sẹ́yìn sí etí odò. Ẹ má ṣe so ẹṣin mọ́ abẹ́ igi létí odò fún ìsinmi ọ̀sán, bí òjìji rẹ̀ ti wù kí ó tutù tó. Ẹ fún un lómi, kí ẹ sì kọjá lọ sí gbangba. Aṣọ tí ó mọ́lẹ̀ ni kí ẹ wọ̀, nítorí àwọ̀ dúdú àti àwọ̀ aró a máa fa eṣinṣin náà mọ́ra.

Kí a tó san owó, ẹ yẹ ẹṣin wò. Ẹ ní kí a gbé gàárì kúrò, kí ẹ wo ẹ̀yìn rẹ̀: bí egbò bá wà níbẹ̀, ẹ má gùn ún. Bí egungun ìhà rẹ̀ bá yọ gannagànna, ẹ má gùn ún. Àwọn tí ó mọ̀ nípa ẹṣin wí pé kò yẹ kí ẹrù tí ẹṣin gbé, ènìyàn àti gàárì lápapọ̀, ju ìdá kan nínú márùn-ún ìwúwo rẹ̀ lọ. Ẹṣin tí ó wọn 300 kílò, 60 kílò ni kí a dì lé e. Bàbá tí ikùn rẹ̀ ti yọ síwájú kí ó yan ẹṣin tí ó sígbọnlẹ̀, tàbí kí ó fi ẹsẹ̀ rìn pẹ̀lú amọ̀nà. Kò sí ìtìjú níbẹ̀. Obìnrin tí ó lóyún kò gbọdọ̀ gùn ún rárá. Ìyá tí ó wọ ìró kí ó wọ ṣòkòtò gígùn sí abẹ́ rẹ̀, kí gbogbo ènìyàn wọ bàtà tí ó ní gìgísẹ̀ díẹ̀, kí a sì wá fìlà líle tí ń dáàbò bo orí, pàápàá fún àwọn ọmọdé.

Nígbà tí ẹ bá ń súnmọ́ ẹṣin, ẹ má gba ẹ̀yìn rẹ̀ wá. Ẹ gba apá èjìká rẹ̀, kí ẹ sì máa sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ kí ó lè mọ̀ pé ẹ ń bọ̀. Ọwọ́ òsì ẹṣin ni a ti ń gùn ún, nígbà tí amọ̀nà bá di orí rẹ̀ mú. Iwájú àtẹ́lẹsẹ̀ nìkan ni kí ó wà nínú irin tí a ń ti ẹsẹ̀ bọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ gàárì, kí gìgísẹ̀ sì rẹlẹ̀. Nítorí bí ẹsẹ̀ bá wọ inú irin náà já, tí ènìyàn sì ṣubú, ẹṣin lè wọ́ ọ lọ. Ẹ jókòó ṣinṣin, ẹ wo iwájú, kì í ṣe ilẹ̀. Bí ẹ bá ń gun òkè, ẹ tẹ̀ síwájú díẹ̀, ẹ sì lè di gọ̀gọ̀ rẹ̀ mú. Bí ẹ bá ń sọ̀kalẹ̀, ẹ fà sẹ́yìn díẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ìjánu ni ó ṣe pàtàkì jù. Ìjánu tí a ń lò fún ẹṣin Òkè Ọya le púpọ̀. Ó lè pa ẹnu ẹṣin lára. Ẹni tí ẹ̀rù bá ń bà a máa fa ìjánu bí ẹni fa okùn kànga, ẹṣin a gbé orí sókè nítorí ìrora, ẹ̀rù ẹni tí ó gùn ún a sì pọ̀ sí i, a tún fa ìjánu. Nítorí náà, ní ọjọ́ kìn-ín-ní, ẹ fi okùn sílẹ̀ fún amọ̀nà. Ẹ di gàárì mú, kí ẹ sì kọ́ bí ara ẹṣin ti ń lọ. Ẹ má fi kẹ́sẹ́ gún un, ẹ má sì na án. Kí ọjọ́ kìn-ín-ní má ju wákàtí kan lọ, nítorí itan ẹni tí kò gun ẹṣin rí yóò sọ̀rọ̀ ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì.

Bí ẹ bá pọ̀, ẹ tò tẹ̀lé ara yín ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí àyè tí ó tó gígùn ẹṣin kan wà láàrin ẹnì kan àti èkejì, kí ẹṣin má baà ta ara wọn nípàá. Àwọn àgbà wa a máa wí pé ẹṣin iwájú ni ti ẹ̀yìn ń wò sáré. Òwe ni lẹ́nu wa, ṣùgbọ́n òdodo ni lójú ọ̀nà. Bí ẹṣin iwájú bá rọra rìn, ti ẹ̀yìn yóò rọra rìn. Bí èyí tí ó wà níwájú bá ta kìjí nítorí ariwo ọ̀kadà, gbogbo wọn ni yóò ta kìjí. Ìdí nìyí tí ó fi yẹ kí ẹṣin tí ara rẹ̀ balẹ̀ jù, àti ẹni tí ó mọ̀ ọ́n gùn jù, máa ṣáájú. Ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó fẹ́ fi ara rẹ̀ hàn, tí ó fẹ́ kọjá síwájú kí ó sì sáré, kí ó rántí pé ẹni tí ó gun ẹṣin, ilẹ̀ ni yóò bọ̀. Ọ̀nà méjì ni a fi ń bọ̀ sí ilẹ̀: a lè sọ̀ kalẹ̀, a sì lè ṣubú.

Bí a bá ti pa gbogbo èyí mọ́, kí ni èrè rẹ̀? Èrè rẹ̀ ni pé ẹ ó rí ilẹ̀ náà bí a ti yẹ kí a rí i. Ọkọ̀ a sáré kọjá; ẹni tí ń fi ẹsẹ̀ rìn kì í lè wo òkè koríko. Ẹni tí ó wà lórí ẹṣin ní òwúrọ̀ ọyẹ́ ń lọ ní nǹkan bí máìlì mẹ́rin ní wákàtí kan, ojú rẹ̀ sì ga tó láti wo ọ̀kánkán. Yóò rí àparò tí ó fò dìde láàrin pápá, yóò rí ebè iṣu tí a tò lẹ́sẹẹsẹ, oko ọkà bàbà tí a ti kórè, igi oṣè tí kò ní ewé kan lórí. Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá ti ń lọ sópin, èso igbá a gbó, àwọn obìnrin a sì máa kó o jọ fún irú ṣíṣe. Kí ẹ kí wọn pé ẹ kú iṣẹ́ o, kí ẹ sì yà kúrò lórí ebè wọn. Oko olóko kì í ṣe pápá ìṣeré. Ẹ kí àwọn darandaran pẹ̀lú, kí ẹ sì jẹ́ kí màlúù wọn kọjá kí ẹ tó tẹ̀síwájú.

Bí ẹnikẹ́ni bá ń fẹ́ dé ahoro Ọ̀yọ́-Ilé gan-an, kí ó mọ̀ pé inú ọgbà ẹranko ni ó wà, èyí tí ìjọba àpapọ̀ sọ di ọgbà orílẹ̀-èdè ní 1991, tí ó sì fẹ̀ tó 2,512 kìlómítà oníigun mẹ́rin. A kì í wọ̀ ọ́ láìgba àṣẹ lọ́wọ́ àwọn ẹ̀ṣọ́ rẹ̀, kì í sì í ṣe ibi tí a ti ń kọ́ ẹṣin gígùn. Ọ̀nà oko tí ó yí ìlú ká tó fún ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀.

Ó ku ọ̀rọ̀ owó. Ní Malealea, ní ilẹ̀ Lesotho tí ó kún fún òkè, àlejò láti ìlú òyìnbó, tí púpọ̀ nínú wọn kò gun ẹṣin rí, a máa wá gun ẹṣin kékeré ilẹ̀ náà la àárín òkè kọjá. Ẹṣin àwọn ará abúlé ni, àwọn ọmọ abúlé ni ó sì ń ṣe amọ̀nà, nítorí náà owó ẹṣin àti owó amọ̀nà a wọ ọwọ́ wọn. Ẹni tí ó mọ̀ pé ẹṣin òun ni yóò mú owó ilé-ìwé ọmọ òun wá kò ní jẹ́ kí egbò wà ní ẹ̀yìn rẹ̀. Kí ni ó dí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ ní Ìlerò, ní Òkèhò tàbí ní Ṣakí? Ilẹ̀ wà, ìtàn wà, oògùn tí a fi ń tọ́jú ẹṣin tí eṣinṣin jẹ wà lọ́wọ́ àwọn oníṣègùn ẹran. Ohun tí ó ń tán lọ ni ìmọ̀ àwọn tí ó lè di okùn mú. Bí àgbà kan tí ó mọ ẹṣin bá kú láìrí ọmọ tí yóò kọ́, kò sí ilé-ìtàwé tí a ti lè ra ìmọ̀ rẹ̀ padà.

Nítorí náà, ẹ̀yin òbí, bí ẹ bá lọ, ẹ má ṣe ná ẹni tí ó fa ẹṣin yín bí ẹni ná ata lọ́jà. Ẹ fún un ní ẹ̀tọ́ rẹ̀, kí ẹ sì béèrè orúkọ rẹ̀ àti orúkọ ẹṣin náà, kí àwọn ọmọ yín gbọ́. Ẹ jẹ́ kí wọ́n bá a bu omi fún ẹṣin kí wọ́n tó jẹun. Ọmọ tí ó bá ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé korobá omi lé iwájú ẹṣin tí ó gbé e láti òwúrọ̀ ti mọ apá tí ó ṣòro jù nínú ẹṣin gígùn.